Má Ṣe Jẹ́rìí Èké sí Ẹ̀sìn Ẹnìkejì Rẹ

Ẹ̀yin àgbà ìjọ, ẹ̀yin olùkọ́ Bíbélì, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi ọ̀sán Sátidé yín sílẹ̀ wá síbí, mo kí yín lórúkọ Olúwa wa Jésù Kristi. Ohun tí ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí ni bí ó ṣe yẹ kí Kristẹni máa bá àwọn tí ẹ̀kọ́ ìsìn wọn yàtọ̀ sí tiwa lò. Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí 19, ni mo fẹ́ gbà wọlé, níbi tí wàhálà ti bẹ́ sílẹ̀ ní Éfésù.

Ẹ mọ ìtàn náà. Ó lé ní ọdún méjì tí Pọ́ọ̀lù fi kọ́ni ní ìlú yẹn. Ọ̀rọ̀ náà mú débi pé àwọn onídán kó ìwé wọn jáde, wọ́n dáná sun ún lójú gbogbo ayé, owó ìwé náà sì tó 50,000 owó fàdákà. Ọjà Dímẹ́tíríù alágbẹ̀dẹ fàdákà, tó ń rọ ilé kéékèèké fún òrìṣà Dáyánà, bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ló bá kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, ìlú dàrú, wọ́n sì ń pariwo fún bíi wákàtí méjì pé, “Ńlá ni Dáyánà àwọn ará Éfésù!” Akọ̀wé ìlú ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ohun tí akọ̀wé yìí sọ ni mo fẹ́ kí a dúró tì. Ó ní àwọn ọkùnrin tí ẹ mú wá yìí kò ja ilé òrìṣà lólè, wọn kò sì sọ̀rọ̀ òdì sí òrìṣà wa. Ẹ lè kà á ní ẹsẹ 37.

Abọ̀rìṣà ni akọ̀wé yẹn o. Bíbélì kò sọ níbì kankan pé ó gba Jésù gbọ́. Òun ló jẹ́rìí gbe àwọn ará Pọ́ọ̀lù, níwájú èrò tí inú ń bí. Kì í sì í ṣe pé Pọ́ọ̀lù ti fi òtítọ́ pamọ́ kí ó lè rí ojú rere wọn. Dímẹ́tíríù fúnra rẹ̀ fẹjọ́ sùn ní ẹsẹ 26 pé Pọ́ọ̀lù ń sọ káàkiri pé ohun tí a fi ọwọ́ ṣe kì í ṣe Ọlọ́run. Ó sọ ọ́, ó sì sọ ọ́ ketekete. Síbẹ̀ kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì parọ́ mọ́ ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Mo bi ara mi léèrè nígbà tí mò ń múra ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀: bí wàhálà bá ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò wa lọ́la, tí wọ́n pe Lémọ́ọ̀mù àdúgbò tàbí Olúwo pé kí ó wá jẹ́rìí nípa ohun tí a ti ń sọ láti orí àga ìwàásù wa, kí ni yóò rí sọ?

Nínú Òfin Mẹ́wàá, ní Ẹ́kísódù 20:16, Ọlọ́run ní a kò gbọdọ̀ jẹ́rìí èké sí ẹnìkejì wa. Tí a bá gbọ́ ọ, kóòtù ni ọkàn wa máa ń lọ, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ọ̀rọ̀ olè. Ṣùgbọ́n òfin náà kò yọ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn sílẹ̀. Tí mo bá gun orí àga ìwàásù, tí mo ní aládùúgbò mi gba ohun tí kò gbà gbọ́, mo ti jẹ́rìí èké sí i nìyẹn, ì báà jẹ́ pé nítorí Jésù ni mo ṣe ń pariwo. Ohun tí mo gbé wá lónìí kò ju èyí lọ. Kí a tó dá ẹ̀kọ́ ẹnikẹ́ni lóhùn, ó yẹ kí a lè sọ ẹ̀kọ́ náà débi pé ẹni tó ni ín yóò mi orí, yóò ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn.” Àwọn àgbà ti wí i tipẹ́: agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ẹ jẹ́ kí n mú un wá sílé. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu oníwàásù pé Mòhámọ́dù ni àwọn Mùsùlùmí ń bọ. Kò sí Mùsùlùmí tó gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ké láti mọ́ṣáláṣí lójoojúmọ́, tí gbogbo wa ń gbọ́ lórí ibùsùn, ni pé kò sí ọlọ́run mìíràn àfi Allah, àti pé ìránṣẹ́ Rẹ̀ ni Mòhámọ́dù. Ẹ̀ṣẹ̀ tó burú jù lọ lọ́dọ̀ wọn ni kí ènìyàn wá orogún fún Ọlọ́run. Àwọn oníwàásù kan tún ní ère Màríà ni àwọn ará Ìjọ Àgùdà ń bọ. Ohun tí Ìjọ Àgùdà ń kọ́ni ni pé Ọlọ́run nìkan ni ìjọsìn tọ́ sí, pé ọ̀wọ̀ ni àwọn ń bù fún Màríà, àti pé àwọn ń bẹ̀ ẹ́ kí ó bá àwọn gbàdúrà ni. Ẹ lè sọ pé ẹ kò rí irú ẹ̀bẹ̀ yẹn nínú Ìwé Mímọ́. Èmi náà kò rí i. Iyàn tó yẹ kí a bá wọn jà nìyẹn, kì í ṣe èyí tí a fi ọwọ́ ara wa hun.

A máa ń sọ pé àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà kò gba Jésù gbọ́. Wọ́n gbà pé Ọmọ Ọlọ́run ni, wọ́n sì gbà pé ó fi ẹ̀mí rẹ̀ ra ènìyàn padà. Ohun tí wọn kò gbà ni pé ó dọ́gba pẹ̀lú Baba. Wọn kò sì gba Mẹ́talọ́kan. Ìyàtọ̀ yẹn tóbi, ó tó gbé ọ̀sán gbogbo jókòó lé lórí, kò nílò àbùmọ́ kankan. Àwọn oníṣẹ̀ṣe ńkọ́? Ẹni tó ń bọ Èṣù kò ní Sátánì inú Bíbélì lọ́kàn rárá. Bí o bá bi babaláwo, yóò sọ fún ọ pé ìránṣẹ́ Olódùmarè ni. Bí o bá fẹ́ ta ko òrìṣà bíbọ, gẹ́gẹ́ bí Bíbélì ti ta kò ó, ta ko ohun tí ọkùnrin náà ń ṣe gan-an. Bákan náà ni a ṣe ń kó Kérúbù àti Séráfù, Ìjọ Olúwa tí Ọ̀ṣítẹ́lù dá sílẹ̀ ní Ògèrè, àti Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run tó bẹ̀rẹ̀ ní Pọ́tò-Nóvò ní 1947, sínú àpò kan ṣoṣo, bí ẹni pé àwọ̀ aṣọ ni ẹ̀kọ́ ìjọ.

Ẹ rántí bó ṣe máa ń dùn wá tí ẹlòmíràn bá dìde tó ní ọlọ́run mẹ́ta ni àwọn Kristẹni ń sìn. Ojú ẹsẹ̀ ni a máa ń fò sókè: “Rárá o, Ọlọ́run kan ni!” A fẹ́ kí wọ́n gbọ́ àlàyé wa tán kí wọ́n tó dájọ́. Jésù ní ohunkóhun tí a bá fẹ́ kí ènìyàn ṣe sí wa, kí àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀ sí wọn.

Nílẹ̀ tiwa, mo ń wo ọ̀nà Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ọmọ Òṣoògùn ni. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí Sàró, ó sì ṣe ìrìbọmi níbẹ̀ ní 1825. Nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́, ó máa ń bá àwọn Mùsùlùmí Sàró jiyàn, ó sì rí i pé iyàn náà kò so èso kankan. Nígbà tó dàgbà, ó yí ọ̀nà padà. Ní 1872, nígbà tó wà níwájú Ẹ́míà Ìlọrin àti àwọn ènìyàn ààfin, wọ́n ń bi í ní ìbéèrè, ọ̀rọ̀ Ìwé Mímọ́ lédè Yorùbá ló sì ń fi dá wọn lóhùn. Ó máa ń wá ibi tí Bíbélì àti Kùránì ti pàdé kí ó tó dé ibi tí wọ́n ti yà: pé wòlíì ńlá ni Jésù, pé wúńdíá ló bí i, pé Gébúrẹ́lì ni Ọlọ́run rán sí Màríà. Ó gbà pé Bíbélì yóò ja ìjà ara rẹ̀, pé iṣẹ́ tiwa kò ju pé kí a ṣí i, kí a kà á síta. Ẹ kíyè sí i pé èyí kò ṣeé ṣe fún ẹni tí kò mọ ohun tó wà nínú Kùránì. Ó ti fara balẹ̀ gbọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ tilẹ̀ wọ̀ mí lára ju ti Ìlọrin lọ. Afala ni orúkọ ìyá náà. Ogun ti yà wọ́n fún bí ọdún 25 kí wọ́n tó tún fojú kanra ní Abẹ́òkúta ní 1846. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí wọ́n ti fi àmì òróró yàn ni ọmọ. Òrìṣà ni ìyá ṣì ń sìn. Ìyá bá ọmọ gbé. Ní 1848 ló ṣe ìrìbọmi, tí wọ́n sọ ọ́ ní Hannah. Láàárín ìgbà méjèèjì yẹn, ilé kan náà ni wọ́n wà. Ẹ̀yin tí ìyá yín jẹ́ Mùsùlùmí tàbí oníṣẹ̀ṣe, tí ẹ kò lọ kí i mọ́ nítorí pé ẹ ti di àtúnbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ kí ìyá yín.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń rò ó pé, “Ṣé ohun tí bàbá yìí ń sọ ni pé ọ̀kan ni gbogbo ẹ̀sìn?” Rárá. A máa ń gbọ́ ọ níbi ìkómọ àti níbi òkú àgbà pé Ọlọ́run kan náà ni gbogbo wa ń sìn, ọ̀nà ló yàtọ̀. Ìfẹ́ ni àwọn tó ń sọ ọ́ ní lọ́kàn, mi ò sì kórìíra wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́, kò sì bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo gbà gbọ́ pé Jésù kú lórí igi àgbélébùú fún ẹ̀ṣẹ̀ mi. Kùránì, ní Súrà kẹrin, ẹsẹ 157, ní wọn kò pa á, wọn kò sì kàn án mọ́ igi. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò lè jẹ́ òótọ́ pọ̀. Ẹni tó bá ní ìyàtọ̀ yẹn kò já mọ́ nǹkan kan ti fojú di èmi àti Mùsùlùmí lẹ́ẹ̀kan náà, torí ó ń sọ fún àwa méjèèjì pé a kò mọ ohun tí a gbà gbọ́. Ẹ jẹ́rìí òtítọ́ nípa ìyàtọ̀ pẹ̀lú. Ohun tí Pétérù sọ nínú ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, orí 3, ẹsẹ 15, ni pé kí a múra tán láti dáhùn, kí a sì dáhùn pẹ̀lú ọkàn tútù. Kò ní kí a dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ kò tán sí ààrin àwa àti ẹlẹ́sìn mìíràn. Ìjà tó le jù tí mo rí ní ọjọ́ ayé mi, ààrin Kristẹni sí Kristẹni ni. Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn ìjọ Aládùúrà díẹ̀, torí ẹ̀kọ́ pọ̀ nínú rẹ̀.

Àjàkálẹ̀ lùkúlùkú ti 1918 bá wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan níbẹ̀ kó ara wọn jọ láti máa gbàdúrà, Ṣàdáre sì wà lára aṣáájú wọn. Àwọn oníṣègùn òyìnbó kò rí oògùn fún àìsàn náà. Àwọn tó ń gbàdúrà rí ìwòsàn, wọ́n ka Jákọ́bù orí 5, wọ́n sì pinnu pé Ọlọ́run nìkan tó. Nígbà tó di 1922, wọ́n kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà lórí ọ̀rọ̀ oògùn àti lórí ìrìbọmi ọmọdé. Ní 1930 ni ìsọjí ńlá ti Joseph Ayọ̀ Babalọlá ṣẹlẹ̀ ní Òkè-Oòyè, Iléṣà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n pe àwọn míṣọ́nnárì Apostolic láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, kí wọ́n lè jọ ṣiṣẹ́. Ìgbà tí àwọn òyìnbó dé, wọ́n ń lo quinine nítorí ibà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Àwọn kan ní: ẹ̀yin tí ẹ ń wàásù ìwòsàn, ẹ tún ń gbé oògùn mì? Àwọn kejì ní: Ọlọ́run ló dá èèpo igi tí wọ́n fi ń ṣe quinine, Pọ́ọ̀lù pàápàá sì ní kí Tímótíù mu wáìnì díẹ̀ nítorí inú rẹ̀. Wọ́n pínyà, apá kan sì forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Christ Apostolic Church ní 1943.

Èmi ń lo oògùn, mo sì ń gba àwọn ọmọ ìjọ nímọ̀ràn pé kí wọ́n lọ sí ọsibítù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òpè ni àwọn bàbá Aládùúrà yẹn, pé àìmọ̀ ló ń dà wọ́n láàmú, ó jẹ́rìí èké. Wọ́n ti rí 1918. Wọ́n ti rí ibi tí oògùn ti kùnà tí àdúrà sì gbà. Ẹni tó bá sì ní àwọn òyìnbó wọ̀nyẹn kò ní ìgbàgbọ́, òun náà jẹ́rìí èké: ìgbàgbọ́ ló gbé wọn kọjá òkun wá sí ilẹ̀ tí ibà ti pa ọ̀pọ̀ míṣọ́nnárì ṣáájú wọn.

Ẹ tún wo ìdílé Akínyẹlé ní Ìbàdàn. Bàbá kan náà ló bí Alexander Babátúndé àti Isaac Babalọlá. Alexander dá Ìbàdàn Grammar School sílẹ̀ ní 1913, ó sì di Bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà àkọ́kọ́ fún Ìbàdàn ní 1952. Isaac fi Áńgílíkà sílẹ̀, ó di ààrẹ àkọ́kọ́ fún Christ Apostolic Church, ó sì jẹ Olúbàdàn ní 1955. Nínú ìdílé kan ṣoṣo, ẹnìkan ń wọ́n omi sí ọmọ ọwọ́ lórí, ẹnìkan ní àgbà tó gbàgbọ́ nìkan ni kí ó wọ inú odò. Isaac yìí kan náà sì tún gun orí oyè ìlú tí Mùsùlùmí kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, tí oníṣẹ̀ṣe wà, tí gbogbo wọn sì jẹ́ ọmọ rẹ̀. Tí ẹ bá ń wá ẹni tí ọ̀rọ̀ tí a ń sọ yìí délé bá, Ìbàdàn ni kí ẹ wò.

Ẹnìkan kọ ìbéèrè ránṣẹ́ sí mi kí ọjọ́ òní tó pé, nípa Jòhánù kejì, ẹsẹ 10: bí ẹnikẹ́ni bá tọ̀ yín wá tí kò mú ẹ̀kọ́ yìí wá, kí ẹ má gbà á sílé, kí ẹ má sì kí i. Ó ní ṣé kí òun máa ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ń wàásù láti ilé dé ilé. Ẹ ka ẹsẹ 7 mọ́ ọn. Àwọn olùkọ́ arìnrìn-àjò ni Jòhánù ń sọ, tí wọ́n ń sẹ́ pé Jésù wá nínú ẹran ara. Ilé ni ìjọ ń pé sí láyé ìgbà náà; ẹni tó bá gba olùkọ́ sílé ti fún un ní ibùsùn, oúnjẹ àti àga ìwàásù pọ̀. Má fún ẹni tó ń sẹ́ Kristi ní àga ìwàásù, òye tèmi nìyẹn. Jésù jókòó sẹ́bàá kànga pẹ̀lú obìnrin ará Samáríà, ó bẹ̀ ẹ́ lómi, ó sì sọ fún un láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ pé àwọn ará Samáríà kò mọ ohun tí wọ́n ń sìn. Tí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn rẹ, fún wọn lága àti omi tútù. Jẹ́ kí wọ́n sọ tiwọn tán. Kí ẹ mú ìbéèrè kan ṣoṣo, kí ẹ ka orí Bíbélì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ má fò láti ẹsẹ dé ẹsẹ. Bí o kò bá tíì mọ ìdáhùn, sọ bẹ́ẹ̀, kí o bi olùkọ́ rẹ, kí o sì pè wọ́n padà.

Ẹran Iléyá. Mo mọ̀ pé ohun tí ọ̀pọ̀ yín ń dúró dè nìyí, torí ọdọọdún ló ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí. Àwọn olùṣọ́ àgùntàn kan ní ẹran òrìṣà ni, ẹni tó bá jẹ ẹ́ ti jẹun lórí tábìlì ẹ̀mí èṣù. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́rìí òtítọ́. Àgbò tí Mùsùlùmí ń pa, ìrántí Ábúráhámù tí Ọlọ́run fi àgbò rọ́pò ọmọ rẹ̀ ni. Orúkọ Ọlọ́run ni wọ́n ń pè sí i. Kò sí ère kankan níwájú wọn. A kò gbà pẹ̀lú wọn lórí ọ̀pọ̀ nǹkan nípa ìtàn yẹn, títí kan ọmọ wo ló jẹ́, síbẹ̀ a kò lè pè é ní ohun tí kì í ṣe. Ẹ wá lọ sí Kọ́ríńtì Kìíní, orí 10, láti ẹsẹ 25. Ìlú tí òrìṣà pọ̀ sí ni Pọ́ọ̀lù ń kọ̀wé sí. Ó ní ẹ jẹ ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà láìbi ìbéèrè nítorí ẹ̀rí ọkàn. Bí aláìgbàgbọ́ bá pè yín síbi oúnjẹ, tó sì wù yín láti lọ, ẹ jẹ ohun tí ó bá gbé síwájú yín. Ìgbà tí ẹnìkan bá sọ fún yín pé wọ́n ti fi rúbọ sí òrìṣà nìkan ló ní kí ẹ má jẹ ẹ́, nítorí ẹ̀rí ọkàn ẹni tó sọ ọ́.

Èmi máa ń jẹ ẹran Iléyá tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi bá gbé wá, mo sì máa ń bu ìrẹsì Kérésì fún wọn. Ará mìíràn wà tí ọkàn rẹ̀ kò gbà á. Róòmù orí 14 ní kí ẹni tó ń jẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹni tí kò jẹ, kí ẹni tí kò jẹ má sì dá ẹni tó ń jẹ lẹ́bi. Bí ọkàn rẹ kò bá gbà á, dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá tó gbé e wá, fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé fún un. Ẹran tí a gbà tán tí a wá dà sí ààtàn lójú ọmọ tó gbé e wá, ìwà yẹn kò sí nínú orí 10 tàbí orí 14.

Ní ti ọ̀rọ̀ ìjọba àti ilé-ìwé, ṣókí ni màá sọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ gíga Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti ní kí àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè máa lo híjáàbù ní ilé-ìwé ìjọba, àwọn ọmọ Kristẹni kan wọ aṣọ akọrin àti aṣọ ìjọ lọ sí kíláàsì ní Ìwó. Mo mọ ohun tó ń dun àwọn òbí wọn. Míṣọ́n ló kọ́ irú àwọn ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ kí ìjọba tó gbà wọ́n, ẹ̀dùn yẹn sì tó gbé lọ sí kóòtù, kí a sì fi agbẹjọ́rò tó já fáfá jà á dé òpin. Ṣùgbọ́n aṣọ tí a fi ń kọrin sí Ọlọ́run, kò tọ́ kí àgbàlagbà gbé e wọ ọmọdé lọ fi ja ìjà. Ọmọ náà yóò jókòó ti ọmọ Mùsùlùmí lórí bẹ́ǹṣì kan náà lọ́jọ́ kejì.

Kí a tó tún pàdé, iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ kí olúkúlùkù olùkọ́ ṣe. Wá ẹnìkan tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí tìrẹ, aládùúgbò, àna, ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Kí i dáadáa, kí o sì bi í ní ohun tó gbà gbọ́ nípa Ọlọ́run àti nípa Jésù. Má dá a lóhùn lọ́jọ́ yẹn. Kọ ọ́ sílẹ̀, kà á padà fún un, kí ó tún ibi tó wọ́ ṣe. Ìwé tó ti tún ṣe yẹn ni kí o mú wá síbí, pẹ̀lú Bíbélì rẹ.